Ọwọ́ Mi Ò Tíì Jí

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀tapẹ̀tẹ̀ lù mẹ́fà,
mo jí, ọwọ́ mi ò tíì jí.
Ó ká jọ sórí àyà mi bí ẹyẹ tójò pa.
Mo ní, "Là." Kò là.
Mo fọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́,
àtàǹpàkò nìkan ló dá mi lóhùn,
òun náà sì ń kùn.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi dirun n'Ìjọkà.
Ìka yìí ló fa òwú dúdú,
tó yí i, tó so ó, tó já a.
Mo di ṣùkú, mo di kọ̀lẹ́sẹ̀,
mo di ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ fún ẹni tí ìpàkọ́ rẹ̀ ò gbà á.
Ta ni mo fẹ́ sọ fún
pé bọ́tìnnì bùláòsì mi ti di òkè tí mò ń gùn?

Ìyá Ọmọ́wùmí ọ̀ọ́kán ilé wa dijú díẹ̀, ó ní:
"Ẹni tó ń fọwọ́ kan orí olórí,
ó lè fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ."
Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi wí pé
ìka kì í ṣe ìkà, ìyá,
ohùn kékeré kan ló wà láàrin wọn,
má jẹ̀ẹ́ kó ṣì ọ́ lọ́nà.

Ìbírónkẹ́ ọmọ mi gbé mi lọ sí Wẹ́síléè.
A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí.
Dókítà náà, ọmọ Fápohùndà, ọmọdé ni,
mo dirun fún ìyá rẹ̀ nígbà tó lóyún rẹ̀.
Ó gba ọwọ́ mi bí ẹni gba ẹyin lọ́wọ́ àlejò,
ó tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan:
"Ṣé ó ń gbóná? Ṣé ó ń wú?
Bí ẹ bá jí, ṣé ó ń pẹ́ kó tó tú?"
Mo ní kí n tó mu ògì tán, ó ti tú.
Ó ní bó bá fi lè ju wákàtí kan lọ,
bó bá wú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń gbóná,
kí n má jókòó sílé, kí n tètè padà wá,
nítorí ìyẹn, oògùn tirẹ̀ yàtọ̀.
"Láàrin egungun àti egungun, Màmá,
ohun kan wà bí òṣùká láàrin orí àti ẹrù.
Tiyín ti gbó.
Aromọléegun ni wọ́n ń pè é."

Kò ṣèlérí. Ó fún mi ní ìpara.
Ó wo oògùn tí mo ń rà l'Átakúmọ̀sà,
tí mo ń jẹ bí ẹ̀pà lórí ikùn òfìfo,
ó mi orí:
"Ẹ fẹ́ gba ìka là, ẹ fẹ́ pa ikùn."

Báyìí, abọ́ táńgánran, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́,
kì í ṣe irú èyí tí a fi ń tu ìyẹ́ adìyẹ.
Mo rì wọ́n sínú rẹ̀, mo ká wọn, mo nà wọ́n,
mo ká wọn, mo nà wọ́n,
bí ẹni ń kọ́ ọmọ jòjòló ní ó dàbọ̀.
Mo fi àkísà wé èèkù ọ̀bẹ kó sanra.
Ọmọ-ọmọ mi ní ń bá mi ṣí ike omi.
Iyán? Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lè kọ̀ ọ́,
ṣùgbọ́n ọmọ odó ti di ti ẹlòmíràn.
Ìyẹn dùn mí ju oríkèé lọ.

Ọjọ́ mìíràn ọyẹ́ á sọ̀ kalẹ̀,
gbogbo omi gbígbóná ayé ò ní tù ú.
Mi ò bá a jà. Mo jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tèmilọlá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń ya ẹsẹ̀ irun,
ó wọ́ bí ọ̀nà oko.
Mo na ìka mi, èyí tó tẹ̀ jù:
"Ibí yìí. Tú u. Tún un yà."
Ọmọ tí wọ́n ń dì fún bú sẹ́kún,
ó ní ó ń dun òun.
Mo ní, mo mọ̀.